Kí ẹ tó ra awò ojú míì, ẹ yẹ ojú kọ̀ǹpútà yín wò ná

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún tó ń dunni àti ibà ọmọdé lẹ mọ̀ mí mọ́. Tòní yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i kọjá, torí ọ̀rọ̀ ojú wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn tó wà nílùú òyìnbó ló ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún wọn, kí wọ́n lè máa rí fótò àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n sì máa ka ìròyìn. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Microsoft parí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ọmọ àbúrò Bàbá tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá wọn gbé Linux Mint sórí ẹ̀ dípò, torí ọ̀fẹ́ nìyẹn, kò sì nira fún kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ díẹ̀. Bàbá fẹ́ràn ẹ̀. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan, aago méje kò tíì lù, tí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Nọ́ọ̀sì, ojú mi ti ń lọ o."

Mo ní kí wọ́n jókòó ná. Wọ́n ní lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà ti tóbi gbàǹgbà, síbẹ̀ àwọn kò rí i kà, pé etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rí bí ìgbà tí omi bá kán sórí íǹkì. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn nínú fótò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti fẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n ti ra awò ojú méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, wọ́n gbé èkíní tì, wọ́n ra ìkejì. Ìkejì yìí ló wá ń fọ́ wọn lórí, ni wọ́n bá ń lo oògùn orí fífọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí wọn kò sọ, tí mo mọ̀, ni pé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin fọ́jú kó tó kú. Bàbá ti gbà nínú ọkàn ara wọn pé ó ti kan àwọn nìyẹn.

Mo bá wọn lọ sílé. Mo ní kí wọ́n gbé awò ojú ọwọ́ ọ̀nà yẹn sílẹ̀, kí wọ́n fi èyí tí dókítà ojú kọ fún wọn sójú. Mo mú ìwé ìròyìn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kó jìnnà sójú wọn bí kọ̀ǹpútà ṣe jìnnà sí i gẹ́lẹ́, mo ní kí wọ́n ka àwọn àkọlé tí lẹ́tà wọn tóbi tó ti inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n kà á geere bíi tíṣà tí wọ́n jẹ́. Mo ní kí wọ́n wá ka ti inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń fojú fún un, wọ́n ń na ọrùn. Èmi náà wò ó, mo ti lé ní ogójì ọdún lóòótọ́, èmi náà ń lo awò ìkàwé, àmọ́ mo rí i pé kò mọ́ lójú tèmi náà. Àwòrán bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀, ó rí bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ojú yín kọ́ o. Ojú kọ̀ǹpútà ni."

Ohun tí mo ṣe yẹn, ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé láìnáwó. Bí lẹ́tà tó tóbi dọ́gba bá mọ́ lórí ìwé tí kò mọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ fura sí kọ̀ǹpútà. Bí méjèèjì kò bá mọ́, ẹ fura sí ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun róbótó kan lójú kọ̀ǹpútà, bíi aago tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ fi rúlà wọn ìbú ẹ̀ àti gíga ẹ̀. Bí ìbú bá ju gíga lọ, kọ̀ǹpútà ń na àwòrán ni. Àmì míì tún wà. Ó lè jẹ́ pé dúdú kan dúró gbọnrangandan lápá ọ̀tún àti òsì, tí àwòrán há sáàárín. Tàbí kí àpótí tó ń bi yín ní ìbéèrè tóbi jù fún ojú kọ̀ǹpútà, tí ibi tí ẹ ó ti tẹ "OK" fi wọ ìsàlẹ̀ lọ, tí ẹ kò rí i. (Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lórí Linux Mint, ẹ di Alt mú, kí ẹ wá fi máòsì fa àpótí náà sókè. Ó ti yọ mí nínú wàhálà rí.)

Kí ló wá fà á? Ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí a ń lò báyìí, àmì tótó kéékèèké ló kún inú ẹ̀, tí ilé iṣẹ́ ti tò síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò lè pọ̀ sí i, kò lè dín kù. Ti Bàbá, 1440 ló wà ní ìbú, 900 ló wà lóròó. Bí ẹ bá ṣírò ẹ̀, 1,296,000 tótó nìyẹn. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní resolution. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kọ̀ǹpútà Bàbá ń fi 1024 sí 768 ránṣẹ́ sí i, ìyẹn 786,432 péré. Ẹ rò ó bí ìgbà tí ẹ fẹ́ sin ìlẹ̀kẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n ti fa àyè 1440 sí lórí ìlà kan, tí ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ wá kó 1024 fún yín. Ẹ kò lè fi àyè sílẹ̀ lófo, ẹ ó ní kí ìlẹ̀kẹ̀ kan gba àyè kan, kí òmíràn gba àyè kan àti díẹ̀. Ohun tí ojú kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí etí lẹ́tà máa ṣe kurukuru. Kò sí awò ojú tó lè tún un ṣe, torí kurukuru náà kò sí nínú ojú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwọn àgbà tó ti bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì láyé àtijọ́. Mónítọ̀ tó nídìí bíi tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, ẹ lè dín in kù sí 800 sí 600 kí lẹ́tà lè tóbi, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe kurukuru, torí bó ṣe ń ya àwòrán yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló kọ́ ọgbọ́n yẹn, tí ẹ ṣì ń lò ó. Ó dáa nígbà náà. Lórí pẹlẹbẹ ayé ìsinsìnyí, ojú yín lẹ fi ń jìyà.

Iye tótó tí mónítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti pẹ́ díẹ̀ ló jẹ́ 1366 sí 768. Àwọn tó jẹ́ tuntun sí i, 1920 sí 1080 ló wọ́pọ̀. Mónítọ̀ tókunbọ̀ onígun mẹ́rin tó ń jẹ́ 17 inches, 1280 sí 1024 ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ẹ̀yìn mónítọ̀ yín, ẹ kọ nọ́ńbà àti orúkọ tó wà níbẹ̀ sórí bébà, kí ọmọ yín bá yín wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tó bá bá yín rí, ẹ tọ́jú bébà náà. Iye yẹn ni kọ̀ǹpútà yín gbọ́dọ̀ máa lò.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń jí, ó máa ń bi mónítọ̀ pé, "Irú ẹ̀ wo ni ìwọ, kí lo lè gbà?" Mónítọ̀ á dá a lóhùn, èsì yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní EDID. Bí kọ̀ǹpútà kò bá gbọ́ èsì, á máa bẹ̀rù. Á ṣe bí àlejò tí kò mọ bí ọbẹ̀ ṣe kù tó ní ìkòkò, tó wá bu díẹ̀ kó má baà tàbùkù onílé. Á mú 1024 sí 768, tàbí 800 sí 600. Ìdí nìyẹn tí ojú kọ̀ǹpútà fi lè dáa lánàá, kó sì bàjẹ́ lónìí, tí kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Nílé Bàbá, eku ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, eku gidi, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Eku jẹ wáyà tó lọ láti àpótí kọ̀ǹpútà sí mónítọ̀, oníná àdúgbò bá fún wọn ní ògbólógbòó kan. Wáyà yìí ni èyí tí ẹnu ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aró, tó ní eyín wẹ́wẹ́ nínú ní ìlà mẹ́ta, VGA lorúkọ ẹ̀. Àyè eyín 15 ló ní. Eyín kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni kọ̀ǹpútà àti mónítọ̀ fi ń bá ara wọn sọ ìbéèrè àti èsì tí mo wí yẹn. Àwọn tó kù ló ń gbé àwòrán. Nítorí náà, bí eyín kejìlá bá tẹ̀ lulẹ̀, bíi ti wáyà Bàbá, àwòrán á ṣì máa wá, kò ní sí ẹni tó máa fura sí wáyà, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò ní gbọ́ èsì. Bí ẹ bá wo ẹnu wáyà tí ẹ rí i pé eyín kẹsàn-án kò sí, ẹ má pariwo, ọ̀pọ̀ ni kì í ní in láti ilé iṣẹ́. Èyí tó tẹ̀, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ó lè kán sínú. Ẹ ra wáyà míì. Owó ẹ̀ kò tó ti awò ojú méjì tí Bàbá ti rà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn èyí tó rọrùn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà àti mónítọ̀, ẹ yọ wáyà, ẹ wo eyín ẹ̀, ẹ tì í padà kó wọlé dáadáa, kí ẹ sì wé àwọn ìdè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì le. Ẹ tan mónítọ̀ ṣáájú, lẹ́yìn náà kí ẹ tan kọ̀ǹpútà. Ètò yẹn ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa níbí tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Àpótí kọ̀ǹpútà míì wà tí wọ́n ti ṣe pé bí iná bá ti dé kó máa tan fúnra ẹ̀, tí mónítọ̀ kò sì tíì jí, ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè ṣì ń sùn. Bí ohun kékeré kan bá wà láàárín wáyà àti àpótí, tó ń yí ẹnu wáyà kan padà sí òmíràn, ẹ yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá lè ṣe láìsí i, torí òun náà máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Bó bá tan, tó ṣì rí bákan náà, ẹ lọ sí Menu lórí Linux Mint, ẹ tẹ "Display" síbẹ̀. Lórí Ubuntu, ẹ lọ sí "Settings", kí ẹ wá "Displays". Ẹ ó rí "Resolution". Ẹ ṣí i, ẹ wá nọ́ńbà tó wà lórí bébà yín, ẹ yàn án, kí ẹ tẹ "Apply". Á bi yín bóyá kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá dáhùn, á padà sí ti tẹ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ láìpẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ lè bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bẹ̀rù.

Bí nọ́ńbà yín kò bá sí nínú àwọn tó kó kalẹ̀, tí wáyà sì dáa, ó lè jẹ́ dráífà ni, ìyẹn sọ́fíwíà tó ń bá káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní káàdì NVIDIA. Linux Mint ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní "Driver Manager". Ti Ubuntu wà nínú "Software & Updates", lábẹ́ "Additional Drivers". Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí i, kí ẹ yan èyí tí wọ́n kọ "recommended" sí, ẹ pa á, ẹ tún un tan. Ẹ tún bi ẹni tó gbé Linux sórí ẹ̀ bóyá ó kọ "nomodeset" síbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Àwọn kọ̀ǹpútà kan kì í jẹ́ kí wọ́n gbé Linux sórí wọn láìlo ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ bí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀ sínú fáìlì /etc/default/grub, kọ̀ǹpútà kò ní lo káàdì àwòrán ẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ó yọ ọ́ kúrò, kí ó ṣe "sudo update-grub", kí ó tún un tan.

Apá tó kàn yìí, ẹ gé e kúrò nínú ìwé fún ọmọ yín tó mọ̀ ọ́n. Òun ni ọmọ àbúrò Bàbá fi gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ọjà tó ṣí tí a fi rí wáyà tuntun rà. Orí fóònù ló wà, ó ń sọ, mò ń tẹ̀. Ẹ ṣí Terminal. Ẹ tẹ xrandr nìkan, ẹ wo orúkọ tó wà níwájú "connected". VGA-1 ni ti Bàbá, tiyín lè yàtọ̀, orúkọ tiyín ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ:

cvt 1440 900

Á gbé ìlà kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Modeline". Ohun tó tẹ̀ lé "Modeline" yẹn ni kí ẹ dà kọ síbí, láìfò nọ́ńbà kankan:

xrandr --newmode "1440x900_60.00" 106.50 1440 1528 1672 1904 900 903 909 934 -hsync +vsync

xrandr --addmode VGA-1 1440x900_60.00

xrandr --output VGA-1 --mode 1440x900_60.00

Nọ́ńbà mónítọ̀ tiyín ni kí ẹ fi sí ipò 1440 àti 900 o, ẹ má da ti Bàbá kọ bó ṣe wà. Bí ojú ẹ̀ bá ṣú dúdú tàbí tí mónítọ̀ kọ "out of range", ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tan, á padà sí bó ṣe wà, torí ohun tí ẹ fi xrandr ṣe kì í kọjá pípa. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ní láti kọ ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn sínú fáìlì .xprofile nínú Home bí wọ́n bá fẹ́ kó máa ṣe é fúnra ẹ̀ láràárọ̀. Linux Mint Bàbá ń lo Xorg, xrandr ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn Linux tó ń lo Wayland, bíi Ubuntu òde òní, kò ní gbà á báyìí, ti wáyà àti dráífà ni kí ẹ gbájú mọ́.

Nígbà tí mo tẹ Enter kẹ́yìn, ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́ fìrì, ó sì mọ́. Bọ́ọ̀lù di bọ́ọ̀lù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wálẹ̀. Inú mi dùn. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti tún un ṣe, ẹ ti tún bà á jẹ́." Lẹ́tà ti mọ́, àmọ́ ó ti kéré!

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sẹ́yìn. Wọ́n á ní èyí tó tóbi yẹn sàn, wọ́n á sì dá a padà sí kurukuru. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi resolution síbi tó yẹ, kí ẹ wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé lẹ́tà ni kó mú tóbi. Lórí Linux Mint, ẹ lọ sí Menu, ẹ wá "Accessibility", ẹ tan "Large text". Lórí Ubuntu, inú "Settings" ni "Accessibility" wà, lábẹ́ "Seeing". Nínú Firefox, ẹ di Ctrl mú kí ẹ máa tẹ àmì àròpọ̀, lẹ́tà á máa tóbi sí i. Ctrl àti 0 á dá a padà. Báyìí, tótó tó pọ̀ ni kọ̀ǹpútà á fi ya lẹ́tà ńlá, etí ẹ̀ á mú bíi ti ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Bàbá lo Large text, wọ́n tẹ Ctrl àti àròpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ka ìròyìn bọ́ọ̀lù láti òkè délẹ̀.

Mo ní láti sọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí ju ti wáyà lọ. Ìyá kan tó ń ta aṣọ, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ọjà wọn. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kí ọmọ wọn mú lẹ́tà tóbi sí i. Ọmọ ń ṣe é, ó gbọ́ràn. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Ìgbà tí wọ́n wá sí kíníìkì nítorí egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná la yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí a rí i pé ìtọ̀ ṣúgà ni, ó sì ti pẹ́ lára wọn. A ní kí wọ́n lọ rí dókítà ojú. Ó ti ń ba ẹ̀yìn ojú wọn jẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ṣì ku èyí tí ìtọ́jú lè dì mú. Bí ìyá yín tàbí bàbá yín bá ń ní kí ẹ mú lẹ́tà tóbi léraléra láàárín oṣù díẹ̀, ẹ mú un tóbi fún wọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò ojú àti ṣúgà lọ́sẹ̀ náà.

Pé lẹ́tà kéékèèké ń ṣòro kà lẹ́yìn ogójì ọdún kì í ṣe àìsàn. Dígí inú ojú wa ló ń le, tí kò lè tẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Awò ìkàwé ń tán an. Glaucoma yàtọ̀ sí ìyẹn. Kì í dunni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹni náà á ṣì máa ka ìwé, kò ní mọ̀ pé òun ti ń kọ lu ìlẹ̀kùn. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ló ń dá èyí tó kù sí. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí Bàbá sinmi lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti mọ́. Mo rán wọn létí ẹ̀gbọ́n wọn, a jọ lọ sílé ìwòsàn ojú, wọ́n wọn ìfúnpá ojú wọn, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lónìí, àmọ́ dókítà ní kí wọ́n máa wá lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tó ní òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ní glaucoma, kó má dúró de àmì kankan.

Bí ojú bá ṣàdédé ṣú, tí ó dà bíi pé wọ́n ta aṣọ bò ó lápá kan, tí mànàmáná ń kọ nínú ẹ̀, tàbí tí ojú pọ́n tó ń dunni pẹ̀lú èébì, ẹ má ti ojú kọ̀ǹpútà kankan bọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Fún àwọn tí tiwọn ti mọ́, ẹ jókòó kí ojú kọ̀ǹpútà jìnnà tó apá kan sí yín, kí orí mónítọ̀ má ga ju ojú yín lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo awò ojú onípele méjì, tí ti ìkàwé wà nísàlẹ̀, ẹ máa ń gbé àgbọ̀n sókè kí ẹ tó lè kà á, ìyẹn ló ń fa ọrùn dídùn tí ẹ ń fi òróró ra lálẹ́. Ẹ rẹ mónítọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ bi dókítà ojú nípa awò tó wà fún kọ̀ǹpútà nìkan. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbójú kúrò, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 20 fún 20 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ máa ṣẹ́jú, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ nídìí kọ̀ǹpútà, ojú á gbẹ, á máa ta. Ọmọ tó bá ń sún mọ́ kọ̀ǹpútà jù, ẹ fi ìwé ìròyìn dán an wò bí mo ṣe ṣe fún Bàbá, kí ẹ sì bi í bóyá ó ń rí pátákó ní kíláàsì. Ọmọ kì í ṣàròyé ojú, torí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe yẹ kó rí.

Bàbá ti ra wáyà tuntun. Nígbà tí wọ́n so ó, kọ̀ǹpútà mú 1440 sí 900 fúnra ẹ̀, ìlà xrandr kankan kò wúlò mọ́. Oògùn orí fífọ́ ti kúrò lórí tábìlì. Awò ojú méjèèjì ni wọ́n gbé padà lọ bá ẹni tó tà á fún wọn, ọ̀gbẹ́ni yẹn kò gbà á, ó ní òun lè pààrọ̀ ẹ̀ fún awò òòrùn. Dúdú tó mú ojú rekete ni wọ́n fi sójú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday tó kọjá.